Bí ẹ ṣe lè dán rọ́bọ́ọ̀tì agbálẹ̀ wò nínú ilé tí gàrí kì í wọ́n nílẹ̀

Ìyá wa ń ta gàrí ní Òkè-Ajé, Ìjẹ̀bú-Òde. Àpò gàrí kì í wọ́n ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa, bẹ́ẹ̀ ni gàrí kì í wọ́n nílẹ̀. Láàárọ̀ wọn á gbá a, lálẹ́ wọn á tún gbá a. Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dà wọ́n láàmú, tí dókítà sì kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n yé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, àwa ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dáwó jọ. A ra rọ́bọ́ọ̀tì tó ń gbálẹ̀ tó sì ń nulẹ̀, irú èyí tó ní ibùdó tirẹ̀, tó ń da ìdọ̀tí inú rẹ̀ síbẹ̀, tó ń fọ aṣọ ìnulẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀, tó sì ń fi atẹ́gùn gbígbóná mú un gbẹ.

Kì í ṣe owó kékeré. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún àwọn àbúrò mi pé a ò ní gbé e lé Ìyá lọ́wọ́ àfi tí mo bá dán an wò tán. Ọjọ́ méje ni ẹni tó tà á fún wa fún wa láti dá a padà bí kò bá tẹ́ wa lọ́rùn. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo lò. Ohun tí mo ṣe ni mo kọ síhìn-ín, kí ẹni tó bá fẹ́ ra tirẹ̀ lè ṣe é nílé ara rẹ̀.

Nọ́ńbà ńlá tí wọ́n ń kọ sára páálí, bíi 8,000 Pa tàbí 18,000 Pa, agbára tí mọ́tò rẹ̀ fi ń fa afẹ́fẹ́ ló ń sọ. Kò sọ iye ìdọ̀tí tí yóò gbé. Búrọ́ọ̀ṣì abẹ́ rẹ̀, bí ẹnu rẹ̀ ṣe sún mọ́ ilẹ̀ tó, àti bó ṣe ń rìn wà lára ohun tó ń pinnu ìyẹn. Ìdọ̀tí ilé ẹni tó ṣe é kọ́ ló sì wà nílé yín. Tiwa ní Ìjẹ̀bú, gàrí ni, yanrìn pupa ni, eruku ọyẹ́ ni, àtáṣímẹ́ǹtì orí ni, epo pupa ni. Àwọn gan-an ni kí ẹ fi dán an wò.

Kí ẹ tó já páálí

Ẹ kọ́kọ́ fi fóònù ya fídíò láti ìgbà tí ẹ bá ti fi ọ̀bẹ kan téèpù páálí náà. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ sí ọjà tó dára tó sì ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, àmọ́ fídíò ló máa ń tètè parí àríyànjiyàn.

Ẹ yí ìdí ibùdó náà sókè, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Iná tiwa jẹ́ fóólìtì 220 sí 240. Bí ẹ bá rí 120V nìkan, bíi ti èyí tí àwọn ènìyàn wa ní Amẹ́ríkà máa ń fi ránṣẹ́ sílé, ẹ má fi í sí iná, yóò jó. Ẹ wo iye wáàtì pẹ̀lú. Rọ́bọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ kì í jẹ iná púpọ̀, ṣùgbọ́n ibùdó tó ń se omi láti fi fọ aṣọ ìnulẹ̀ lè jẹ iná bíi kẹ́tùlù ní àsìkò tí omi bá ń gbóná lọ́wọ́. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn wé ohun tí ínfátà yín lè gbé. Ínfátà Ìyá kékeré ni, ó ń ké gbogbo ìgbà tí ibùdó náà bá ń se omi. Mo wọ inú áàpù rẹ̀ lórí fóònù, mo pa omi gbígbóná, mo fi í sí omi tútù, igbe náà sì dákẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú rúlà. Ọ̀pọ̀ rọ́bọ́ọ̀tì olówó ńlá ga tó sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10. Ẹ wọn abẹ́ àga, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ wọn ẹnu ilẹ̀kùn yàrá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú, torí ilé àtijọ́ lọ́dọ̀ wa máa ń ní sìmẹ́ńtì tó ga díẹ̀ níbi tí èèyàn ń gbà wọ yàrá. Nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 ni ọ̀pọ̀ wọn lè gùn, àwọn tó lẹ́sẹ̀ tí wọ́n fi ń gbé ara wọn sókè lè gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnu ilé ìdáná Ìyá ga tó sẹ̀ǹtímítà 3 ààbọ̀. Rọ́bọ́ọ̀tì wa gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹta, ó padà. Pátákó tí káfíńtà gé ní ìgẹ̀rẹ́ ló yanjú rẹ̀. Ká ní mi ò tíì wọn ọ́n ni, ǹ bá rò pé ẹ̀rọ náà ló bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ Wi-Fi kò gùn: ọ̀pọ̀ wọn kì í gba 5 GHz. Bó bá jẹ́ fóònù lẹ fi ń pín íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ yí i sí 2.4 GHz kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Wákàtí méjì ni mo fi jókòó tì í kí n tó rántí.

Omi ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Rẹ́mọ, pàápàá lágbègbè Ṣàgámù tí òkúta ẹfun pọ̀ nínú ilẹ̀ débi tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì níbẹ̀, ẹ wo inú kẹ́tùlù yín. Bí nǹkan funfun bá ti lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, ohun kan náà ni yóò lẹ̀ mọ́ inú ibùdó náà, pàápàá níbi tó ti ń se omi. Omi òjò tí ẹ fi aṣọ sẹ́ dára jù ú lọ. Omi bọ́ọ̀họ̀ tó ń pọ́n bí ìpẹtà náà kò dára fún un, ẹ jẹ́ kó sílẹ̀ mọ́jú, kí ẹ bu ti òkè.

Ẹ jẹ́ kó mọ ilé ná

Nígbà tí rọ́bọ́ọ̀tì agbálẹ̀ tó ń jẹ́ Roomba kọ́kọ́ jáde ní 2002, kò ní máàpù kankan. Bó bá kọlu ògiri, á yí padà, á gba ibòmíràn lọ. Àwọn olówó ńlá òde òní ń fi iná lésà wọn bí ògiri ṣe jìnnà tó, wọ́n á sì fi ya máàpù ilé. Nítorí náà, máàpù ni ẹ ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí máàpù bá ti wọ́, iṣẹ́ rẹ̀ náà yóò wọ́.

Ẹ fi ẹ̀yìn ibùdó ti ògiri, kí àyè wà níwájú rẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, ẹ kó ohun tó wà nílẹ̀, ẹ yọ aṣọ ìnulẹ̀, kí ẹ wá ní kó rìn yí ilé ká láìgbálẹ̀. Nígbà tó bá parí, ẹ mú fóònù lọ́wọ́, ẹ máa wọ yàrá kan lẹ́yìn òmíràn, ẹ máa fi ohun tí ẹ ń rí wé ohun tó yà. Máàpù tiwa fi yàrá kan kún ilé. Dígí gígùn tí Ìyá fi ń wo bí gèlé wọn ṣe jókòó ló fà á: ìtànṣán lésà ń kọlu dígí, ó ń ta padà láti ibòmíràn, ẹ̀rọ náà sì gbà pé ọ̀nà ṣí síbẹ̀. Mo fa ìlà sójú ibẹ̀ nínú áàpù pé kó má kọjá. Kọ́tìnì tó gbálẹ̀ náà, ògiri ló kà á sí, mo ká a sókè.

Bí ilé yín bá ní àtẹ̀gùn, ẹ má fi sílẹ̀ láìdán wò. Ẹ sọ̀kalẹ̀ ní ìgbésẹ̀ méjì, ẹ na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kí ẹ wá jẹ́ kí ẹ̀rọ náà máa bọ̀. Ó yẹ kó dúró létí, kó yí padà. Ẹ ṣe é ní ìgbà mẹ́ta, láti ọ̀tún, láti òsì, láti iwájú. Ojú tó fi ń mọ kòtò wà lábẹ́ rẹ̀. Iná tí a kì í fojú rí ló ń tàn sílẹ̀, tó ń retí kó tan padà. Táìlì dúdú máa ń gbé iná yẹn mì, ẹ̀rọ náà á sì rò pé kòtò ni. Ìlà táìlì dúdú kan wà ní pálọ̀ wa tí rọ́bọ́ọ̀tì yìí kọ̀ láti tẹ̀ ní ọjọ́ kìíní. Bí ilé yín bá jẹ́ táìlì dúdú látòkèdélẹ̀, ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè kí ẹ tó sanwó.

Ẹ wọn gàrí

Ibí yìí ni iṣẹ́ wà. Ojú nìkan ò tó, torí ilẹ̀ lè dà bíi pé ó mọ́ kí gàrí sì wà lábẹ́ àga. Ìwọ̀n ló ń sọ òótọ́. Ẹ yá òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn tó ń ṣe kéèkì fi ń wọn fúláwà, èyí tó lè ka gíráàmù kọ̀ọ̀kan.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ wọ inú áàpù, ẹ pa ètò tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ náà da ìdọ̀tí rẹ̀ sí ibùdó. Bí ẹ ò bá pa á, nígbà tí ẹ ó bá fi débẹ̀, ohun tí ẹ fẹ́ wọ̀n ti wọ inú àpò. Ẹ yọ àpótí ìdọ̀tí kékeré tó wà nínú rọ́bọ́ọ̀tì, ẹ nu ún gbẹ, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Tiwa jẹ́ 318 gíráàmù.

Ẹ fi téèpù ya igun mẹ́rin sílẹ̀, mítà kan ní ìbú, mítà kan ní òró. Ẹ wọn gàrí 20 gíráàmù, kí ẹ fọ́n ọn káàkiri inú rẹ̀ bí ẹni ń fọ́n àgbàdo fún adìẹ, kó má gbájọ sójú kan. Ẹ yọ aṣọ ìnulẹ̀. Ẹ sọ fún ẹ̀rọ náà pé ibẹ̀ nìkan ni kó gbá, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní agbára àárín. Nígbà tó bá parí, ẹ rọra yọ àpótí náà, ẹ tún un wọ̀n.

Ti ìgbà àkọ́kọ́ fún mi ní 336. Èyí tó gbé jẹ́ 18 nínú 20, ìyẹn 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ má tíì yọ̀. Ẹ tú àpótí náà, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, kí ẹ pín àròpọ̀ rẹ̀ sí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sórí ilẹ̀ mìíràn nínú ilé. Lórí táìlì, mo rí 18, 19, 18. Lórí sìmẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ti sán, 15 péré, gàrí wọ inú sísán náà lọ. Lórí rọ́ọ̀gì pálọ̀, 11 ní agbára àárín, 15 nígbà tí mo gbé e sí agbára tó ga jù. Àkọsílẹ̀ yìí wúlò fún mi ju gbogbo nọ́ńbà ara páálí lọ, torí ó sọ fún mi pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí àpò gàrí wà gan-an wà lára ibi tí ẹ̀rọ náà ti rọ. Mo pe bíríkìlà, ó fi sìmẹ́ńtì dí àwọn sísán náà. Lẹ́yìn tó gbẹ, mo tún un wọ̀n: 18.

Ẹ wo ibi tí gíráàmù méjì tó kù sá lọ. Ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ wo ìta téèpù. Gàrí Ìjẹ̀bú kúnná, ó gbẹ, ó fúyẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì ẹ̀gbẹ́ tó ń yí bíríbírí ló ń gbá a jù síta kí ẹnu ẹ̀rọ tó dé ibẹ̀. Mo rí ẹyọ gàrí tó fò tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Bí áàpù yín bá ní ibi tí ẹ ti lè dín eré búrọ́ọ̀ṣì ẹ̀gbẹ́ kù, ẹ dín in. Bí kò bá ní, agbára kékeré lẹ́ẹ̀mejì máa ń dára ju agbára ńlá lẹ́ẹ̀kan lọ fún gàrí.

Ẹ ṣe bákan náà pẹ̀lú yanrìn tí ẹ ti sẹ́ tí ẹ sì sá gbẹ. Fún etí ògiri, ẹ fa gàrí bí okùn tẹ̀ lé e títí wọ igun, kí ẹ fi rúlà wọn ìbú èyí tó ṣẹ́kù. Rọ́bọ́ọ̀tì tó rí rìbìtì kì í lè wọ igun tán, àfi èyí tí búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ń nà jáde. Tiwa fi nǹkan bí ìka kan sílẹ̀ ní igun. Ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Gàrí tó bá mu omi

Lọ́jọ́ kejì, mo fi í sí gbígbá àti nínù lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì fọ́n gàrí 20 gíráàmù bíi ti tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, ó ń dán. Mo yí rọ́bọ́ọ̀tì náà dojú sókè, mo sì rí ibi tí gàrí náà wà. Èyí tí búrọ́ọ̀ṣì ẹ̀gbẹ́ jù sábẹ́ aṣọ ìnulẹ̀ ti mu omi, ó ti wú, ó ti lẹ̀ pọ̀ mọ́ etí aṣọ náà yíká bí èbà tó gbẹ sétí ìkòkò. Mo yọ àwo tí ibùdó ti ń fọ aṣọ. Gàrí ti kún ihò tí omi ìdọ̀tí ń gbà lọ, mo fi ìka họ ọ́ jáde, ó ń yọ̀, ó ti ń kan. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nìyẹn o. Nínú ilé tí gàrí ń dà lójoojúmọ́, kò ní pé ọ̀sẹ̀ kan tí ihò náà yóò fi dí pátápátá, tí omi ìdọ̀tí yóò sì ṣàn sórí táìlì.

Nítorí náà, ẹ pín iṣẹ́ náà sí méjì. Ẹ wá ibi tí áàpù ti ní kó gbá gbogbo ilé tán kó tó nu ún. Àwọn tó dára nínú wọn máa ń fi aṣọ ìnulẹ̀ sílẹ̀ ní ibùdó nígbà tí wọ́n bá ń gbálẹ̀, tàbí kí wọ́n gbé e sókè kó má kan ilẹ̀. Lẹ́yìn tí mo ṣe é bẹ́ẹ̀, mo tún yọ àwo náà wò: ẹyọ gàrí bíi mẹ́wàá ni mo kà, kò sì lẹ̀. Ilé tí wọ́n ti ń ta ìrẹsì lè má nílò èyí. Ilé gàrí, ilé èlùbọ́, ilé fúláwà, dandan ni.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ omi ṣì wà nílẹ̀, ẹ wo rọ́ọ̀gì. Bí ẹ̀rọ náà bá ti gun orí rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù, ẹ sáré fi tíṣù tẹ ibi tó gbà kọjá. Bí tíṣù bá rin, aṣọ náà kò gòkè tó. Rọ́ọ̀gì pálọ̀ wa gbẹ. Ṣùgbọ́n ẹní kò rí bẹ́ẹ̀. Kò mọ ẹní yàtọ̀ sí ilẹ̀, ó nu ún bí ẹni nu táìlì. Ẹ máa ká ẹní, títí kan ẹní ìkírun, kúrò nílẹ̀ kó tó jáde.

Epo pupa àti ìkọ́kọrẹ́

Ẹ fi téèpù ya àyè mẹ́ta lórí táìlì. Ẹ kán ṣíbí tíì kan ìkọ́kọrẹ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan: èyí àkọ́kọ́ ní alẹ́ kó sùn mọ́jú, èkejì ní wákàtí kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kẹta lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi ṣíbí ko èyí tó ga nínú rẹ̀ kúrò, àbàwọ́n la fẹ́ dán wò. Ẹ ní kó nu ibẹ̀, ẹ máa ka iye ìgbà. Ewùrà tó bá gbẹ a máa lẹ̀ bíi gọ́ọ̀mù, nítorí náà ẹ má retí iṣẹ́ ìyanu.

Ti ojú ẹsẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Ti wákàtí kan lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ti mọ́jú ṣì fi òrùka pupa sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ìyẹn ni ojú rí. Ẹ wá mú áńkáṣíìfù funfun, ẹ fi omi rin ín, ẹ fi nu gbogbo àyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti ẹsẹ̀ bàtà kan yí wọn ká. Tèmi pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ níta téèpù: epo ti tàn dé ibi tí kò sí tẹ́lẹ̀, nítorí aṣọ kan náà ló fi ń nu lọ. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ rìn níbẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ń yọ̀, ewu ni fún àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn. Ohun tí mo bá Ìyá sọ ni pé bí epo bá dà, tíṣù ni kí ẹnikẹ́ni tó wà nítòsí kọ́kọ́ fi gbà á, ẹ̀yìn náà ni rọ́bọ́ọ̀tì.

Ọṣẹ tí ìwé rẹ̀ bá gbà láàyè nìkan ni kí ẹ dà sínú omi. Hypo àti Izal kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọṣẹ tó ń hó púpọ̀.

Irun, abẹ́rẹ́ gèlé

Ẹ gé àtáṣímẹ́ǹtì ogún ẹyọ, sẹ̀ǹtímítà 20 ní gígùn, ẹ tú u ká sórí rọ́ọ̀gì. Lẹ́yìn tó bá gbá a, ẹ tú búrọ́ọ̀ṣì abẹ́ rẹ̀, ẹ ka iye tó wé mọ́ ọn, pàápàá ní etí méjèèjì tó ti ń yí. Mẹ́fà ló wé mọ́ tiwa. Ilé tí wọ́n ti ń dirun yóò máa fi sísọ́ọ̀sì gé e lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Mi ò ní dán abẹ́rẹ́ wò nílé ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin náà ẹ má dán an wò. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí i. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí regbéregbé, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí ní Ìjẹ̀bú, bá ti júbà Awùjalẹ̀ tán, tí àlejò kún ilé, abẹ́rẹ́ gèlé, òkúta ara léèsì àti ìlẹ̀kẹ̀ tó já a máa wà nílẹ̀ pálọ̀. Abẹ́rẹ́ kan lè lu àpò ìdọ̀tí tàbí kó há sínú búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ so mágínẹ́ẹ̀tì mọ́ igi, ẹ fà á káàkiri ilẹ̀ lọ́jọ́ náà kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì.

Ohun tó wà lójú ọ̀nà

Sílíípà, wáyà ṣáájà, ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé, ife, ẹyọ ìgbálẹ̀ márùn-ún. Ẹ tún po amọ̀, ẹ mọ ọ́n bí ìgbẹ́ ọmọ kékeré, ẹ fi ọ̀rá tínrín wé e. Ẹ tò wọ́n sójú ọ̀nà, ẹ jẹ́ kó kọjá lọ́sàn-án, ẹ tún ṣe é lálẹ́ pẹ̀lú iná pípa. Tiwa yẹra fún mẹ́rin nínú mẹ́fà lọ́sàn-án. Wáyà àti ẹyọ ìgbálẹ̀ ló gùn. Lálẹ́, ó gun ìbọ̀sẹ̀ náà pẹ̀lú. Amọ̀ kò fọwọ́ kàn rárá, ọkàn mi sì balẹ̀, torí àwọn ọmọ ọmọ ń wá lópin ọ̀sẹ̀.

Nígbà tí iná bá lọ

Ẹ dúró kí rọ́bọ́ọ̀tì wọ yàrá tó jìnnà jù, kí ẹ wá yọ pulọ́ọ̀gì ibùdó lára ògiri. Ibùdó náà ń tan iná kan tí a kì í rí, òun ni ẹ̀rọ náà fi ń mọ ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Bí iná bá lọ, ìmọ́lẹ̀ yẹn kú. Tiwa gbálẹ̀ tán, ó wá dé iwájú ibùdó, ó yí lọ, ó yí bọ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Mo dá iná padà lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú. Kò wọlé fúnra rẹ̀, àfi ìgbà tí mo tẹ bọ́tìnì orí rẹ̀. Aṣọ ìnulẹ̀ ti wà ní tútù ní gbogbo àkókò yẹn, ó sì ti ń mú òórùn ìkasì wá.

Kí ẹ mọ̀ èyí nípa tiyín kí ọjọ́ ìdápadà tó kọjá. Ẹ tún pa Wi-Fi, kí ẹ wò ó bóyá bọ́tìnì ara rẹ̀ tó láti fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìsí fóònù. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin kò gbọ́dọ̀ máa wá dátà kó tó lè gbálẹ̀.

Ariwo: bí ẹ bá lè sọ̀rọ̀ láìgbóhùn sókè nígbà tó ń gbálẹ̀, ó dáa. Ìgbà tó bá ń da ìdọ̀tí sí ibùdó ló ń pariwo jù, ẹ má fi sí àsìkò oorun.

Kámẹ́rà ni kí ẹ fara balẹ̀ sí. Ní 2022, ìròyìn jáde pé àwòrán tí àwọn rọ́bọ́ọ̀tì ìdánwò kan yà nínú ilé àwọn ènìyàn, títí kan obìnrin kan nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ti dé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wọ inú áàpù, ẹ pa wíwo ilé láti òkèèrè, ẹ pa fífi àwòrán ránṣẹ́, kí ẹ sì fa ìlà sẹ́nu balùwẹ̀.

Ṣíṣírò owó rẹ̀

Ní ọjọ́ kẹfà, mo wọn ìdọ̀tí ojúmọ́ kan gbáko ní ilé Ìyá: 35 gíráàmù, gàrí ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Páálí ní àpò ìdọ̀tí kan á lo oṣù méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fún un, kó kún kó má kún, torí gàrí tó bá pẹ́ nínú àpò lásìkò òjò yóò bu, èèrà àti kòkòrò yóò sì wá a wá. Ẹ béèrè iye àpò, fílítà, búrọ́ọ̀ṣì àti aṣọ ìnulẹ̀, ẹ sọ ọ́ di ti ọdún kan, kí ẹ sì rí i dájú pé ẹni tó ta ẹ̀rọ náà fún yín ní wọn lọ́wọ́. Rọ́bọ́ọ̀tì tí kò sí àpò rẹ̀ lọ́jà kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ ti ní láti kọ iye tí yóò tẹ́ yín lọ́rùn sílẹ̀ kí ẹ tó wọn ohunkóhun. Tèmi ni 16 nínú 20 lórí gbogbo ilẹ̀ tí kì í ṣe rọ́ọ̀gì, kó má ṣubú ní àtẹ̀gùn rárá, kí Ìyá sì lè tẹ̀ ẹ́ láìsí fóònù. Ó yege, lẹ́yìn sìmẹ́ńtì bíríkìlà.

Mo kọ ọ́ ní lẹ́tà ńlá sórí páálí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè ibùdó: láàárọ̀, ká ẹní, ká wáyà, tẹ bọ́tìnì ọ̀tún, lálẹ́, da omi ìdọ̀tí nù, fọ àwo rẹ̀, kí gàrí má sùn síbẹ̀, bí iná bá lọ, yọ aṣọ ìnulẹ̀, sá a. Mo ní kí ọmọ aládùúgbò wa máa bá wọn da omi ìdọ̀tí, torí lítà mẹ́ta kì í ṣe ẹrù ẹni tí orúnkún ń dùn. Ní ọjọ́ keje, Ìyá ka páálí náà, wọ́n ká ẹní, wọ́n tẹ bọ́tìnì. Wọ́n jókòó sórí àga, wọ́n ń wo bó ṣe ń gba abẹ́ àpò gàrí kọjá. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n ní kí n sún àwọn àpò náà sẹ́yìn díẹ̀ sí i, kó lè ráyè dé ìdí ògiri.